Ẹnu Kékeré Tí Ń Tan Iná Nínú Ọkọ̀
Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú Ẹgbẹ́ ní Owódé Ẹ̀gbá



Nígbà tí Akọ̀wé ránṣẹ́ sí wa pé kí a wá sọ̀rọ̀ ní ìpàdé oṣù yìí, ó dá wa lójú pé oríkì tàbí ìwé kíkọ ni ó ń retí lẹ́nu wa. Kí ó má bínú. Ọkọ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì wa ni ó gba ọkàn wa láti ìgbà ọyẹ́ tí ó kọjá, òun náà ni a ó sì sọ.

Volkswagen ni ọkọ̀ náà, irú èyí tí àwọn ará Lagos sọ di danfó, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà ní ẹ̀yìn, tí ó sì jẹ́ afẹ́fẹ́ ni ó ń mú un tutù, kì í ṣe omi. Ní 1950 ni àwọn ará Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí ṣe é. Ní 1951 ni ilé-iṣẹ́ Westfalia bẹ̀rẹ̀ sí to ibùsùn àti ohun ìdáná sínú òmíràn nínú wọn fún àwọn arìnrìn-àjò. Brazil ni wọ́n sì ti ṣe èyí tí ó kẹ́yìn ní 2013. Tiwa ní ibùsùn kan lẹ́yìn, èyí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń jókòó lé nígbà tí a bá ń kó wọn lọ sí àwọn ilé-ìwé tí wọ́n ti ń fi iṣẹ́ olùkọ́ dánra wò.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan a ń kó mẹ́jọ nínú wọn bọ̀ láti Ibafo, lórí ọ̀nà márosẹ̀ Lagos sí Ibadan. Kí a tó dé Mowe, ẹ́ńjìnnì wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì dákẹ́. Àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa bí ìjì. A kó àwọn ọmọ sọ̀kalẹ̀ sínú koríko, a sì dúró. Ẹni tí ó bá ti dúró ní ọ̀nà yẹn lóru kò ní bi wá ohun tí ó mú olùkọ́ bá mẹ́káníìkì ṣọ̀rẹ́.

Ọ̀gá mẹ́káníìkì kan tí ó jù wá lọ́jọ́ orí ni ó wá. Ó ṣí ìdérí disitíríbútọ̀, ó tan tọ́ọ̀ṣì sí i, ó ní, "Àlùfáà wa, kọ́ńtásẹ́ẹ̀tì yín ti jó." Ó fi sáńpépà nù ún, ó fi ègé páálí sìgá wọn àlàfo rẹ̀, ọkọ̀ sì dìde.

Kí ni kọ́ńtásẹ́ẹ̀tì? Irin kékeré méjì ni, tí ń fẹnu kan ara wọn tí wọ́n sì ń yà. Nígbà tí wọ́n bá kanra, mànàmáná fóòlùtì 12 láti inú bátìrì ń ṣàn gba inú kọ́ìlì. Nígbà tí ọ̀pá onígun mẹ́rin tí ń yí láàárín bá yà wọ́n, ìṣàn náà gé lójijì, kọ́ìlì a sì bí agbára tí ó tó fóòlùtì 15,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, èyí tí yóò ta iná lẹ́nu púlọ́ọ̀gì. Charles Kettering, ará Amẹ́ríkà, ni ó mú irú ọgbọ́n yìí wọ ọkọ̀ Cadillac ní nǹkan bí 1910. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀ bí ọmọ ilé-ìwé: bí ẹ́ńjìnnì onípísítìnì mẹ́rin bá yí ní ìgbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan, irin méjì yìí gbọ́dọ̀ yà ní ìgbà 6,000, èyíinì ni ìgbà 100 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Irin wo ni kò ní jó? Ẹsẹ̀ kékeré tí ń fara ra ọ̀pá náà pẹ̀lú a máa jẹ díẹ̀díẹ̀. Àlàfo tí ó yẹ kí ó jẹ́ mìlímítà 0.4 a dín kù, iná a sì máa pẹ́ kí ó tó ta. Ọkọ̀ a di ọ̀lẹ, a sì máa mu epo ju bí ó ti yẹ lọ.

Ohun tuntun tí a fi rọ́pò rẹ̀ kò ní ẹnu. Òrùka kan tí ó ní òòfà nínú ni a fi bọ ọ̀pá náà. Bí òòfà kọ̀ọ̀kan ti ń kọjá, ẹ̀rọ kékeré kan tí a dì pa mọ́lẹ̀ mọ̀ ọ́n, ó sì gé ìṣàn náà láìfọwọ́kàn án. Edwin Hall rí ìdí ọgbọ́n yìí ní 1879, kí Benz tó ṣe ọkọ̀ rẹ̀. Wáyà méjì péré ni ó ní, pupa sí ẹnu kọ́ìlì tí ó jẹ́ ti àròpọ̀, dúdú sí ti àyọkúrò. Ẹni tí ó bá ṣì wọ́n so ti pa á nìyẹn. Kò tó wákàtí kan tí a fi ṣe é. Láti ọjọ́ náà ọkọ̀ ń dìde ní òwúrọ̀ ọyẹ́ bí ọmọ tí a pè lẹ́ẹ̀kan. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má rò pé ó ń wo àrùn kàbúrétọ̀ sàn.

Ọ̀gá wa yí ẹ̀rọ náà sọ́wọ́, inú rẹ̀ kò dùn. Ó ní, "Àlùfáà wa, èyí kò lẹ́nu. Bí ó bá ṣàìsàn, báwo ni n ó ṣe bi í léèrè?"

A rẹ́rìn-ín. Ní oṣù kẹta lẹ́yìn èyí, àwa fúnra wa gbàgbé kọ́kọ́rọ́ ní ipò iná nígbà tí ẹ́ńjìnnì kò ṣiṣẹ́, a wọ ilé-ìwé kan lọ ní Ọ̀fadà, ọ̀rọ̀ wa sì gùn níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ó ti ń gùn níhìn-ín. Nígbà tí a padà, ẹ̀rọ náà ti gbóná kú. Sáńpépà kò lè ṣe ohunkóhun fún un. Nígbà náà ni ọmọ iṣẹ́ ọ̀gá, tí ó bá wa lọ, fa àkísà kan jáde lábẹ́ ìjókòó: kọ́ńtásẹ́ẹ̀tì àtijọ́ ni ó wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú kọ̀ndẹ́ńsà rẹ̀, tí ọ̀gá ti wé pamọ́ síbẹ̀ láìsọ fún wa. Ọmọ náà dè é, ó wọn àlàfo, a sì délé kí ilẹ̀ tó ṣú.

A ti ra ẹ̀rọ mìíràn, òun ni ó gbé wa wá lónìí, nítorí a kò gbà pẹ̀lú àwọn tí ń wí pé ti àtijọ́ ni kí á dúró lé. Ṣùgbọ́n àkísà náà wà lábẹ́ ìjókòó. Ohun tí ó ń bà wá lẹ́rù ni pé ọmọ iṣẹ́ tí ń kọ́ṣẹ́ lónìí lè gba òmìnira láìwọn àlàfo rí, nígbà tí kò sì sí ẹnìkan láàárín wa tí ó lè tú ẹ̀rọ aláìlẹ́nu yìí, kí a má sọ pé yóò ṣe é. Nítorí náà ni a ṣe bẹ ọ̀gá yìí kí ó máa wá sí kọ́lẹ́ẹ̀jì ní ọjọ́ Ẹtì, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa máa kọ ọ̀rọ̀ iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní èdè tí ó ń fi í kọ́ ọmọ.

Ó wà níbi ìjókòó ẹ̀yìn gbọ̀ngàn yìí. Ẹni tí ó bá ní ìbéèrè lórí àlàfo, òun ni kí ó bi.