Irinṣẹ́ Tó Yẹ Kí A Kọ́kọ́ Rà: Ọ̀rọ̀ Lórí Kíkan Bàálù Ńlá Tí A Ń Fi Rédíò Darí

  Ẹ ní kí n wá sọ ohun tí ẹgbẹ́ wa lè fi sí yàrá iṣẹ́ ọwọ́ ilé-ẹ̀kọ́ wa ní Ìgbàrà-Odò, kí àwọn ọmọ lè máa kan bàálù tí ènìyàn kì í wọ̀, tí a ń fi rédíò darí láti ilẹ̀.

Ẹ má pè é ní ìṣeré lásán. Ní 2013 ni àwọn Ológun Òfurufú ilẹ̀ wa gbé Gulma jáde ní Kaduna. Ní 2018 wọ́n gbé Tsaigumi jáde. Kò sí ènìyàn nínú èyíkéyìí nínú wọn tó bá ń fò. Ní oṣù kẹwàá 2022, bàálù balẹ̀ sí pápá ọkọ̀ òfurufú tuntun ní Adó-Èkìtì. Àwọn ọmọ wa ń wòkè. Kí ni a fi lé wọn lọ́wọ́?

Lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe é ní Amẹ́ríkà, bí apá bàálù bá gùn tó 80 ínǹṣì láti ìkángun kan dé èkejì, ìyẹn mítà méjì lé díẹ̀, ńlá ni wọ́n ń pè é. Ó lè wúwo tó 55 pọ́n-ùn, bí ìdajì àpò sìmẹ́ńtì, kí wọ́n tó sọ pé ó di ohun tó ń fẹ́ àṣẹ pàtàkì. Ẹ wá rò ó wò, kí ìdajì àpò sìmẹ́ńtì já bọ́ láti òkè! Ìdí nìyí tí irinṣẹ́ fi ṣe pàtàkì.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí a kọ́kọ́ ra máṣíìnì. Nígbà tí ètò 6-3-3-4 bẹ̀rẹ̀ ní 1982, ìjọba kó máṣíìnì Intro Tech wọlé láti òkè òkun. Ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́, inú àpótí tí wọ́n fi kó o wá ló wà tó fi dógùn-ún. Kò síná, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n lò. Irinṣẹ́ ọwọ́ ni kí a fi bẹ̀rẹ̀.

Èkínní ni tábìlì tó tẹ́jú gbọọrọ. Ilẹ̀kùn flush tuntun kan lórí ẹsẹ̀ mẹ́rin ti tó. Bí tábìlì bá wọ́, apá tí a kàn lórí rẹ̀ á wọ́. Bí apá bá sì wọ́, ẹ̀gbẹ́ kan á máa gbé bàálù sókè ju èkejì lọ, á fẹ́ dojú dé fúnra rẹ̀.

Èkejì ni ohun ìwọ̀n: rúlà onírin gígùn, tépù, ohun tí káfíńtà fi ń mọ̀ pé igun gún, àti ìwọ̀n tó lè wọn gíráàmù. Ẹ má fi owó ṣahun níbí o. Èyí tí kò péye kò sàn ju kí a má ní in lọ.

Ẹ̀kẹta ni ohun ìgé: ayùn eléyín wẹ́wẹ́, rándà kékeré, ọ̀bẹ abẹ, fáìlì, àti sánpépà tí a lẹ̀ mọ́ pákó gígùn. Igi ńkọ́? Balsa tí wọ́n ń kó wá láti Ecuador ló fúyẹ́ jù, ṣùgbọ́n arère wà nígbó wa. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ yìí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti pẹ́ tí wọ́n ti ń fi arère tí a bó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo apá tí wọ́n fi fóòmù ṣe. Obeche ni wọ́n ń pè é.

Ẹ̀kẹrin ni ohun ìdìmú. Gúlù funfun káfíńtà dára fún igi, ṣùgbọ́n ibi tí ẹ́ńjìnnì dúró sí, irú Araldite ni kí a lò. Títí gúlù á fi gbẹ, ẹ lo kíláàǹpù, tàbí kí ẹ gé túùbù kẹ̀kẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ kí ẹ fi dè é. Ìyẹn ò náni ní nǹkan.

Ẹ̀karùn-ún, sípánà, púláyà, áyọ̀nù tí oníṣẹ́ rédíò fi ń jó lẹ́ẹ̀dì, àti mítà iná. Ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì bàálù ńlá bá ti ẹ̀rọ ìgégi tan, nítorí náà ẹni tó ń tún ẹ̀rọ ìgégi ṣe nílùú wa lè kọ́ àwọn ọmọ.

Ẹ̀kẹfà, tí àwọn èèyàn máa ń gbàgbé: gíláàsì ìbòjú, apoti oògùn, àti ohun ìpaná. Abẹ̀bẹ̀ iwájú bàálù lè gé ìka. Bátìrì líthíọ́ọ̀mù lè gbiná, orí sìmẹ́ńtì ìta ni kí a ti máa ṣáájì rẹ̀, kí ẹnì kan dúró tì í.

Kí bàálù tó fò, ẹni méjì á fi ìka gbé e lábẹ́ apá, ní bí ìdámẹ́rin sí ìdámẹ́ta fífẹ̀ apá láti iwájú. Bí ìrù bá lọlẹ̀, ẹ má jẹ́ kó fò. Ìwé àṣẹ náà ń bẹ: láti 2016 ni NCAA ti kìlọ̀ pé a gbọ́dọ̀ gba àṣẹ wọn àti ti ọ́fíìsì Olùdámọ̀ràn Ààbò Orílẹ̀-Èdè kí a tó fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ fò.

Ẹ ò wá rí i báyìí? Púpọ̀ nínú irinṣẹ́ wọ̀nyí wà lọ́wọ́ káfíńtà, oníṣẹ́ rédíò àti mẹkáníìkì ìlú wa. Ohun tó kù ni àpótí tó ní kọ́kọ́rọ́, ìwé tí a ó máa kọ orúkọ ẹni tó yá irinṣẹ́ sí, àti olùkọ́ kan tí kọ́kọ́rọ́ á wà lọ́wọ́ rẹ̀. Láìsí olùkọ́ náà, kí a má ná kọ́bọ̀. Ẹ̀yin olùkọ́ wa tó ti fẹ̀yìn tì, ẹ ṣì wúlò: bí ọmọdé bá ń gégi nígbó, àgbà ló mọ ibi tí yóò wó sí. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, kí kíláàsì kọ̀ọ̀kan mú ọ̀kan nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Èwo ni tiyín?