Iyanrìn Etí Òkun Èkó àti Àwọn Ohun Abẹ̀mí Tí Ń Gbé Ibẹ̀

Bí ènìyàn bá tọ etí òkun láti Àgbádárìgì lọ sí Lẹ́kí, òkun ni yóò wà ní ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, omi ọ̀sà ní ọwọ́ òsì. Ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó la àárín méjèèjì, iyanrìn ni. Òkìtì rẹ̀ kò ga bí ti aṣálẹ̀, nítorí òjò pọ̀ níbẹ̀, atẹ́gùn kò sì rí iyanrìn gbígbẹ kó tó bẹ́ẹ̀. Èyí ni ó mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa pè é ní ilẹ̀ òfìfo. Ẹ̀yin òǹwòran, kò ṣófo rárá.

Ewéko kan wà tí ó jẹ́ ìbátan ọ̀dùnkún. Ó ń fà nílẹ̀, ewé rẹ̀ là ní ṣóńṣó bí pátákò ewúrẹ́, òdòdó rẹ̀ ní àwọ̀ àlùkò. Iyọ̀ òkun kì í pa á. Ibi tí ìtàkùn rẹ̀ bá ti kan ilẹ̀ ni ó ti ń ta gbòǹgbò. Atẹ́gùn a gbé iyanrìn dé, ewé a dá a dúró. Iyanrìn a bo ewé mọ́lẹ̀, ewé a tún yọrí. Báyìí ni òkìtì ṣe ń ga.

Nínú òkìtì yìí ni akàn kan ń gbẹ́ ihò sí, tí àwọ̀ rẹ̀ jọ iyanrìn tó bẹ́ẹ̀ tí ojú kì í tètè rí i. Ìrìn ẹ̀gbẹ́ tí a fi ń bú akàn, òun gan-an ni ó fi ń bọ́ lọ́wọ́ ọ̀tá. Bí ilẹ̀ bá ṣú, a jáde wá òkú ẹja, a sì máa jí ẹyin ìjàpá òkun jẹ pẹ̀lú. Ìjàpá yìí a gòkè lóru, a fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn gbẹ́ ihò, a yé ẹyin bí ọgọ́rùn-ún, a bò ó, a sì padà sínú omi. Iyanrìn ni ó ń bá a sàba fún nǹkan bí oṣù méjì. Bí iyanrìn bá gbóná, abo ni ó ń pọ̀. Bí ó bá tutù, akọ ni. Àwọn ọmọ a sì máa lọ sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ wà, nítorí pé lóru, ojú òkun ni ó mọ́lẹ̀ ju ilẹ̀ lọ. Iná mànàmáná ilé ìgbafẹ́ ti yí ìyẹn padà. Ọmọ tí ó yẹ kí ó bọ́ sómi a kọrí sí títì.

Iyanrìn pàápàá kì í jókòó sójú kan. Ìgbì ń tì í láti ìwọ̀ oòrùn lọ sí ìlà oòrùn. Nígbà kan rí, ó dí ẹnu ọ̀sà Èkó tó bẹ́ẹ̀ tí ọkọ̀ ńlá kò lè wọlé. Lára iyanrìn adínà yẹn ni Bar Beach ti gba orúkọ. Ní 1908, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí àwọn odi òkúta tí wọ́n nà wọ inú òkun kí ọ̀nà lè là. Ọkọ̀ ń wọlé lóòótọ́. Ṣùgbọ́n iyanrìn ń gbá jọ sí ìwọ̀ oòrùn odi, ìlà oòrùn kò sì rí tirẹ̀ gbà mọ́. Òkun bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ Bar Beach. Léraléra ni ìjọba da iyanrìn síbẹ̀ nígbà náà, tí omi sì kó o lọ. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2012, ìgbì ya wọ Kúrámọ̀ nítòsí ibẹ̀, ó gbé àgọ́ lọ, ẹ̀mí sì bá a lọ.

Síbẹ̀, ọkọ̀ akẹ́rù ṣì ń kó iyanrìn etí òkun lọ kọ́ ilé, pẹ̀lú ìtàkùn tí ó dì í mú. Ẹni tí ń wà á kì í sì í bèèrè bóyá ẹyin wà nínú rẹ̀.