ÒFÒ, IṢẸ́ ÀTI IYÌ ÒṢÌṢẸ́: ÀGBÉYẸ̀WÒ ÌLÀNÀ TOYOTA



Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí dá lórí ìlànà iṣẹ́ kan tí ó ti ilẹ̀ Japan tàn ká ayé. Orúkọ tí àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì fún un ni lean, èyí tí ó túmọ̀ sí ohun tí kò ní ọ̀rá lára. John Krafcik ni ó kọ́kọ́ pè é bẹ́ẹ̀ nínú àpilẹ̀kọ kan ní ọdún 1988. Ìwé tí James Womack, Daniel Jones àti Daniel Roos kọ ní ọdún 1990 ni ó sì sọ orúkọ náà di mímọ̀ káàkiri. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá ilé-iṣẹ́ ni ó gbọ́ ọ tí wọ́n sì rò pé ọgbọ́n àtidín òṣìṣẹ́ kù ni. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn ni pé gbòǹgbò ìlànà náà ni ẹ̀tọ́ tí òṣìṣẹ́ ní láti dá iṣẹ́ dúró nígbà tí ó bá rí àléébù, àti pé níbi tí ẹ̀tọ́ yìí kò bá sí, ìyókù rẹ̀ kò lè so èso.

1. Orírun ìlànà náà

Inú iṣẹ́ aṣọ híhun ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Sakichi Toyoda, ọmọ káfíńtà kan tí wọ́n bí ní ọdún 1867, ni ó fi ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣe ẹ̀rọ ìhunṣọ. Ẹ̀rọ tí ó parí ní ọdún 1924 a máa dúró fúnra rẹ̀ bí òwú bá já. Ẹni tí ó bá mọ iṣẹ́ aṣọ òfì ní Ìṣẹyìn yóò mọ ìdí rẹ̀. Bí òwú bá já lórí òfì, ahunṣọ kì í hun ún lọ bẹ́ẹ̀. Yóò dúró, yóò so ó, nítorí pé àléébù tí a bá hun mọ́ aṣọ ṣòro láti yọ. Toyoda fi irú òye yìí sínú ẹ̀rọ. Nítorí pé ẹ̀rọ mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó dúró, òṣìṣẹ́ kan lè mójú tó ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kan náà.

Kiichiro, ọmọ rẹ̀, ni ó dá ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ Toyota sílẹ̀ ní ọdún 1937. Ní ọdún 1950, díẹ̀ ni ó kù kí ilé-iṣẹ́ náà wó. Ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàrin òun àti ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, àwọn òṣìṣẹ́ tí ó ju 1,000 lọ fi iṣẹ́ sílẹ̀, Kiichiro pàápàá sì kúrò lórí oyè. Nínú ọ̀wọ́n owó yìí ni Taiichi Ohno, tí ó ti ilé-iṣẹ́ ìhunṣọ ẹbí náà bọ́ sí ti ọkọ̀ ní ọdún 1943, ti ń wá ọ̀nà tí iṣẹ́ yóò fi máa lọ láìkó ẹrù rẹpẹtẹ pamọ́.

2. Kí ni òfò?

Ohno pín òfò, tí àwọn ará Japan ń pè ní muda, sí ọ̀nà 7: ṣíṣe ọjà ju iye tí a nílò lọ, ìdúró lásán, gbígbé ẹrù káàkiri, iṣẹ́ àṣejù, ìkójọ ọjà sílẹ̀, ìrìn àti ìnàwọ́ tí kò pọn dandan, àti ṣíṣe ohun tí ó ní àléébù. Ó ka ti àkọ́kọ́ sí èyí tí ó burú jù, nítorí pé òun ni ó ń bo àwọn yòókù mọ́lẹ̀. Bí irin 1,000 bá wà nínú yàrá ìkẹ́rùsí, ó lè pẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ pé ẹ̀rọ tí ó ń ṣe wọ́n ti bàjẹ́. Ó wá fi ìṣe súpámákẹ́ẹ̀tì ilẹ̀ Amẹ́ríkà ṣe àpẹẹrẹ: ohun tí oníbàárà bá mú kúrò lórí pẹpẹ nìkan ni a ó fi òmíràn dípò rẹ̀.

Ẹ ṣe àkíyèsí pé òṣìṣẹ́ kò sí nínú òfò 7 wọ̀nyí. Òṣìṣẹ́ ni ẹni tí ó ń rí wọn. Ọ̀gá tí ó jókòó sí ọ́fíìsì kò lè mọ iye ìgbà tí ẹnì kan ń bẹ̀rẹ̀ mú irin nílẹ̀ lójúmọ́.

3. Okùn Fremont

Ẹ̀rí tí ó dá mi lójú jù lọ wá láti ìlú Fremont ní ìpínlẹ̀ California. General Motors ní ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ kan níbẹ̀ tí ìjà òṣìṣẹ́ àti ọ̀gá kò tán níbẹ̀ rí. Lójoojúmọ́, bí òṣìṣẹ́ 20 nínú 100 ni kì í wá síbi iṣẹ́. Òfin ibẹ̀ ni pé iṣẹ́ kò gbọdọ̀ dúró; ọkọ̀ tí wọ́n bá tò ní ìtòkutò yóò máa lọ títí dé òpin, kí àwọn mìíràn tó wá tún un ṣe. Wọ́n ti ilé-iṣẹ́ náà pa ní ọdún 1982.

Ní ọdún 1984, Toyota àti General Motors jọ tún un ṣí, wọ́n pè é ní NUMMI. Bí 85 nínú 100 àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n gbà ni ó ti ṣiṣẹ́ ní ti àtijọ́, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kan náà ni ó sì ń ṣojú wọn. Wọ́n kó àwọn kan lára wọn lọ sí Japan láti kẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n na okùn kan sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n ti ń to ọkọ̀ pọ̀; ẹnikẹ́ni tí ó bá rí àléébù lè fà á. Olórí ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò sáré wá ràn án lọ́wọ́. Bí wọn kò bá sì rí i yanjú kíákíá, iṣẹ́ yóò dúró. Kò pẹ́ rárá tí ọkọ̀ tí wọ́n ń ṣe fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti Japan dọ́gba, tí àìwáṣẹ́ sì dín kù jọjọ. Àwọn ènìyàn kan náà tí ayé ti sọ pé wọn kò dára ni ó ṣe é.

Ohun mìíràn tún wà. Nígbà tí ọjà kò tà dáadáa ní ọdún 1988, NUMMI kò dá òṣìṣẹ́ dúró. Ó fi àkókò náà kọ́ wọn ní iṣẹ́. Ta ni yóò fi ọ̀nà àtidín iṣẹ́ kù han ọ̀gá rẹ̀, bí ó bá mọ̀ pé iṣẹ́ tòun gan-an ni yóò bọ́?

4. Ibi iṣẹ́ mìíràn

Ní ọdún 2002, ilé-ìwòsàn Virginia Mason ní ìlú Seattle gba ìlànà yìí. Wọ́n fún gbogbo òṣìṣẹ́ láṣẹ láti dá ìtọ́jú dúró bí wọ́n bá rí ewu. Síbẹ̀, ní ọdún 2004, aláìsàn kan kú níbẹ̀ nítorí pé wọ́n fi oògùn apakòkòrò gún un dípò oògùn tí ń mú kí iṣan ẹ̀jẹ̀ hàn nínú àwòrán. Ilé-ìwòsàn náà kò fi í pamọ́. Ó kéde rẹ̀ fún gbogbo ayé. Nígbà tí wọ́n wádìí, wọ́n rí i pé inú abọ́ tí ó jọra, tí a kò kọ nǹkan kan sí lára, ni olómi mẹ́ta tí gbogbo wọn mọ́ gaara wà. Bí wọ́n bá lé ẹni tí ó gún abẹ́rẹ́ náà lọ, abọ́ náà yóò ṣì wà níbẹ̀ de ẹni tí ó kàn.

Ohno kọ́ àwọn ènìyàn rẹ̀ láti bèèrè ìdí ọ̀ràn nígbà 5 kí wọ́n tó dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Àwọn baba wa ti sọ ọ́ pé bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn.

5. Ààlà ìlànà náà

N kò wá yin Toyota bí ẹni tí kò lẹ́bi. Ní ọdún 2007, ilé-ẹjọ́ kan ní Nagoya dájọ́ pé àṣejù iṣẹ́ ni ó pa òṣìṣẹ́ Toyota kan tí ó kú ní ọdún 2002. Ní Fremont pẹ̀lú, General Motors yọwọ́ ní ọdún 2009, Toyota sì ti ibẹ̀ pa ní oṣù kẹrin ọdún 2010. Ìlànà tí ó bá fojú sí irin nù, tí kò fojú sí òṣìṣẹ́ tí ó ti rẹ̀, ti gbàgbé okùn tirẹ̀.

Nítorí náà, bí a bá fẹ́ mọ̀ bóyá ilé-iṣẹ́ tàbí ọ́fíìsì kan ti ṣe tán fún ìlànà yìí, ẹ má ṣe kọ́kọ́ bèèrè irú ẹ̀rọ tí ó ní. Ìbéèrè 2 ni kí ẹ bèèrè. Ta ni ẹni tí ó kéré jù lọ níbẹ̀ tí ó lè wí pé, "Ẹ dúró ná"? Kí ni wọ́n sì ṣe fún ẹni tí ó sọ bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn? Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tí ó bá ń lo ọgbọ́n àgbà nìkan ń fi ìdajì ọgbọ́n rẹ̀ ṣòfò, òfò yìí ni mo sì kà sí èyí tí ó tóbi jù lọ.