Iṣẹ́ Tí A Gbà Lọ́wọ́ Odídẹrẹ́

Ọ̀rọ̀ mi dá lórí odídẹrẹ́ tó ń fi àgógó tu ìyẹ́ ara rẹ̀. Ẹ má ka pípààrọ̀ ìyẹ́ mọ́ títu yìí. Ẹ wo orí ẹyẹ náà: bí àyà, abẹ́ apá àti itan bá ti pá, tí ìyẹ́ orí ṣì pé, òun fúnra rẹ̀ ló ń tu ú, torí àgógó rẹ̀ kò lè dé orí. Bí orí náà bá pá, ẹ wá àìsàn, tàbí kí ẹ wo ẹyẹ tí wọ́n jọ ń gbé.

Ọjọ́ ti pẹ́ tí èmi àti àwọn kan nínú iṣẹ́ dókítà ẹran ti ń jiyàn. Wọ́n ní ìwàkiwà ni títu ìyẹ́; ẹ fi omi ewúro pa á lára, ẹ fi kọ́là tí kì í jẹ́ kí àgógó kan ìyẹ́ sí i lọ́rùn, ẹ jágbe mọ́ ọn, yóò jáwọ́. N kò gbà, títí dòní. Ọjọ́ tí wọ́n bá tú kọ́là náà ni ẹyẹ ń padà sídìí ohun tó ń ṣe. Ìjágbe tilẹ̀ burú jù: odídẹrẹ́ tó dá wà láti àárọ̀ tu ìyẹ́ kan, èèyàn sáré wá bá a, kí ni kò ní jẹ́ kó tún tu òmíràn? Ní 2006, àwọn olùwádìí Owen àti Lane wọn họ́móònù másùnmáwo nínú ìgbẹ́ odídẹrẹ́. Ti àwọn tó ń tu ìyẹ́ ga ju ti àwọn tí kì í tu ú lọ. Ṣé ìwàkiwà nìyẹn?

Àwọn mìíràn ní ìdánìkanwà nìkan ló ń fà á, ẹ ra ẹnìkejì fún un. Òótọ́ ni pé ẹyẹ tó ń rìn lọ́wọ̀ọ́ ni, ó sì yẹ kó ní ẹni tí yóò máa bá ṣeré. Ṣùgbọ́n mo ti rí méjì nínú kéèjì kan tí àwọn méjèèjì jọ pá láyà.

Lójú tèmi, ohun tó ń fà á ni pé a gba iṣẹ́ lọ́wọ́ odídẹrẹ́. Nínú igbó, oúnjẹ wíwá ló ń gba ọ̀pọ̀ àkókò rẹ̀ lójúmọ́. Nínú ilé, abọ́ ti kún kó tó jí. Ní Davis, ní California, olùwádìí Meehan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tọ́ àwọn ọ̀dọ́ ayékòótọ́ Amazon, wọ́n sì gbé àbọ̀ ìwádìí wọn jáde ní 2003. Wọ́n gbé oúnjẹ ka iwájú àwọn kan nínú abọ́. Àwọn yòókù ní láti já nǹkan jẹ kí wọ́n tó rí oúnjẹ, kí wọ́n ṣí ìdérí, kí wọ́n ṣà á láàárín ohun tí kò ṣeé jẹ; wọ́n tún rí ohun oríṣiríṣi gùn. Àwọn alábọ́ tu ìyẹ́ ara wọn, ìyẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ sì dára. Nígbà tí wọ́n wá fún àwọn alábọ́ náà níṣẹ́, ìyẹ́ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í sàn. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi omi ewúro pa ẹyẹ lára, ẹ ka ìwádìí náà.

Ní kékeré mi, bàbá kan ládùúgbò wa ní odídẹrẹ́ kan ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àwa ọmọdé a máa gbé ẹyìn fún un. Odídẹrẹ́ náà a fi ẹsẹ̀ kan dì í mú, a máa fi àgógó bó o díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi kan èkùrọ́, a sọ èkùrọ́ náà sílẹ̀, a tún na ẹsẹ̀ gba òmíràn. Ìyẹ́ rẹ̀ pé, ìkóóídẹ rẹ̀ pupa fòò. Ẹ̀yin ọmọ òde òní fẹ́ kó sọ̀rọ̀ nínú fídíò, ẹ kò fún un láyè kó jẹun bí ẹyẹ. Kò dára.

Bí odídẹrẹ́ bá ń tu ìyẹ́, dókítà ẹran ni kó kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò: yọ̀rọ̀, kòkòrò àrùn, síǹkì ara kéèjì, àìtó fítámì A lára ẹyẹ tó ń jẹ kìkì hóró. Ẹ jẹ́ kó sun wákàtí 10 sí 12 nínú òkùnkùn. Ẹ fi háríhá àgbàdo wé oúnjẹ rẹ̀, àmọ́ ẹ má yí gbogbo nǹkan padà lọ́jọ́ kan, ohun tuntun a máa bà á lẹ́rù. Ẹ tètè bẹ̀rẹ̀, torí ojú ìyẹ́ tó bá ti bàjẹ́ lè má hù mọ́.

Lórí òfin: ní ìpàdé CITES, àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko àti ewéko tó wà nínú ewu, ní Johannesburg ní 2016 ni wọ́n ti pinnu láti fòfin de títa odídẹrẹ́ inú igbó láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn. Ẹ má lọ ra èyí tí wọ́n mú nínú igbó láti fi rọ́pò èyí tó pá.