Fóònù Tí A Ó Fi Ránṣẹ́ Sílé
Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé ọdọọdún ẹgbẹ́ ìlọsíwájú ìlú wa

Nígbà tí Akọ̀wé ẹgbẹ́ wá bá wa pé kí á sọ̀rọ̀ lórí bí a ti í yan fóònù, a kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. A rò pé ọ̀rọ̀ ọmọdé ni. Ohun kan tí ó ṣẹlẹ̀ ní àdúgbò wa ni ó mú kí á gbà.

Ìyá àgbà kan ń bẹ ní ìsàlẹ̀ odò tí ọmọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà. Ọmọ náà kò gbàgbé ìyá rẹ̀. Nígbà ọdún Kérésìmesì, ó fi fóònù olówó ńlá kan ránṣẹ́. Ìyá mú un lọ bá ọmọkùnrin tí ń tún fóònù ṣe lọ́jà pé kí ó bá òun fi síìmù òun sí i. Ọmọkùnrin náà yẹ ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún wò, ó yẹ ti òsì wò, kò rí ojú ihò tí síìmù ń gbà wọlé. Ìyá fi aṣọ wé fóònù náà, ó gbé e sínú àpótí, ó sì ń lo fóònù onítọ́ọ̀ṣì rẹ̀ àtijọ́ lọ. Kò pẹ́ lẹ́yìn èyí, àìsàn kọlu ìyá lóru. Fóònù onítọ́ọ̀ṣì náà kò rí nẹ́tíwọ̀kì nínú ilé. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ ní láti sá gun òkè nínú òkùnkùn, títí dé iwájú ilé-ẹ̀kọ́ wa, kí ó tó lè pe ẹni tí ó ní ọkọ̀. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ìyá yè.

Fóònù inú àpótí náà kò bàjẹ́. Láti ọdún 2022, iPhone 14 àti àwọn àbúrò rẹ̀ tí a ń tà ní Amẹ́ríkà kò ní ojú síìmù mọ́. eSIM nìkan ni wọ́n ń lò, èyíinì ni síìmù tí a kì í fọwọ́ kàn, tí a ń kọ sínú fóònù fúnra rẹ̀. A lè rí eSIM gbà ní Nàìjíríà, ṣùgbọ́n kì í ṣe lọ́wọ́ ẹni tí ń ta káàdì lábẹ́ agboòrùn. Ọ́fíìsì ilé-iṣẹ́ náà ní ìlú ńlá ni ìyá yóò wọkọ̀ lọ. iPhone 14 kan náà, tí a bá rà á ní Ìlú Ọba, ó ní ojú síìmù.

Èyí nìkan kọ́. Púpọ̀ nínú fóònù tí àwọn ọmọ wa ń rà ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ń san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ ti tì pa, tí kò ní gba síìmù ẹlòmíràn títí a ó fi san owó rẹ̀ tán. Ní Ìlú Ọba, láti oṣù kejìlá ọdún 2021, òfin kò gba àwọn ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ̀kì láàyè láti ta irú fóònù títì bẹ́ẹ̀ mọ́. Nítorí náà, ẹ̀yin ará Amẹ́ríkà, ẹ béèrè kí ẹ tó dì í.

Ọ̀rọ̀ ìgbì tún wà níbẹ̀. Orí ìgbì ni ohùn àti dátà ń gbà rìn, ìgbì sì yàtọ̀ síra. Ní Nàìjíríà, 4G ń rìn lórí ìgbì 700, 800, 1800 àti 2600. Èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ kéré ni ó ń rìn jìnnà, tí ó sì ń la ògiri kọjá. Èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ pọ̀ ń gbé ẹrù púpọ̀ ṣùgbọ́n kì í pẹ́ rẹ̀ ẹ́. Ìdí rẹ̀ nìyí tí ìgbì 700 àti 800 fi ṣe pàtàkì fún ìlú kékeré tí òpó nẹ́tíwọ̀kì rẹ̀ kò pọ̀. Àwọn fóònù kan tí a ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà kò sì mọ ìgbì 800 rárá. Band 20 ni wọ́n ń pè é lára páálí fóònù. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀.

Ohun tí a fẹ́ kí ẹ mú lọ lónìí ni pé fóònù kọ́ ni a kọ́kọ́ ń yàn. Nẹ́tíwọ̀kì tí ó dé yàrá ẹni tí yóò lò ó ni. Nígbà tí fóònù alágbèéká wọ Nàìjíríà dáadáa ní oṣù kẹjọ ọdún 2001, ilé-iṣẹ́ méjì ni ó bẹ̀rẹ̀, ẹni tí ó bá rí síìmù rà kì í bi í léèrè ibi tí ó dé. Lónìí, MTN, Airtel, Glo àti T2, tí a ń pè ní 9mobile títí di ọdún 2025, ni a ní. Èyí tí ó dára jù ní Ìbàdàn lè má dé ìsàlẹ̀ odò wa. Lẹ́yìn àìsàn ìyá yẹn, a yá síìmù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́wọ́ aládùúgbò, a wọ yàrá rẹ̀ lọ ní ìrọ̀lẹ́ tí ènìyàn pọ̀ lórí nẹ́tíwọ̀kì, a sì pe ara wa. Méjì kò dún. Ìkẹta ń já. Ìkẹrin dún kedere, òun sì ni ìyá kò ní! Ìbẹ̀rù rẹ̀ ni pé nọ́ńbà òun yóò sọnù, ṣùgbọ́n láti oṣù kẹrin ọdún 2013 ni ọmọ Nàìjíríà ti ní ẹ̀tọ́ láti gbé nọ́ńbà rẹ̀ kúrò ní ilé-iṣẹ́ kan lọ sí òmíràn.

Ní ti fóònù fúnra rẹ̀, a kò ní pẹ́ níbẹ̀. Ìlú tí iná mànàmáná ń ṣe ségesège nílò bátìrì ńlá, 5,000 mAh ó kéré tán. Kí ó ní ojú síìmù méjì. Kí ohùn rẹ̀ lọ sókè, nítorí etí àgbà. Kí ẹ sì yẹra fún ògbólógbòó Android olówó pọ́ọ́kú: láti oṣù kìíní ọdún 2025, WhatsApp kò ṣiṣẹ́ mọ́ lórí èyí tí kò tó Android 5.0. Kámẹ́rà mẹ́ta ẹ̀yìn rẹ̀ ni àwọn ọ̀dọ́ ń wò. Àwa kò tíì rí ìyá àgbà tí ó lo ju ọ̀kan lọ.

Owó dátà ni ó kù. Ní oṣù kìíní ọdún 2025, àjọ NCC gbà kí àwọn ilé-iṣẹ́ fi owó kún iye tí wọ́n ń gbà, tí kò gbọdọ̀ ju 50 nínú 100 lọ. Láti ìgbà náà ni igbe ti pọ̀. Ẹ jẹ́ kí á ṣe ìṣirò bí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́. Ká ní 1GB ọlọ́jọ́ kan jẹ́ N500, tí 2GB olóṣù kan sì jẹ́ N1,500. Ọ̀pọ̀ yóò ní ti N500 ni ó dínwó, nítorí pé GB kọ̀ọ̀kan nínú èkejì jẹ́ N750. Ṣùgbọ́n ìyá tí ń lo 60MB lójúmọ́ yóò lo 1,800MB ní ọgbọ̀n ọjọ́. 2GB tó o. Bí ó bá ra ti ọlọ́jọ́ kan, ilẹ̀ yóò ṣú, èyí tí ó kù yóò sì ṣòfò. Ọjọ́ mẹ́ta péré ni N1,500 rẹ̀ yóò gbé e. Ẹni tí ń wo fíìmù láti àárọ̀ di alẹ́ ni GB ọlọ́jọ́ kan lè gbè. Nítorí náà, ẹ ka iye ọjọ́ rẹ̀ pọ̀ mọ́ iye owó rẹ̀. Ẹni tí ó bá tẹ *323# yóò rí iye dátà tí ó kù, orí nẹ́tíwọ̀kì yòówù kí ó wà. Kí ẹ sì tó fi fóònù lé àgbà lọ́wọ́, ẹ wọ inú WhatsApp, níbi tí wọ́n kọ Storage and data sí, kí ẹ má jẹ́ kí fídíò máa wọlé fúnra rẹ̀. Fídíò àdúrà òwúrọ̀ tí àwọn ẹgbẹ́ ń fi ránṣẹ́ ń jẹ dátà ju ìpè ọmọ lọ, kí Ọlọ́run má bínú sí wa.

Síìmù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin náà ṣì wà lọ́wọ́ wa ní ilé-ẹ̀kọ́. Ọmọ ìlú tí ó wà ní ìdálẹ̀, tí ó sì fẹ́ ra fóònù fún ará ilé rẹ̀, kí ó kọ orúkọ agbo-ilé rẹ̀ sí Akọ̀wé. Àwa olùkọ́ yóò wọ yàrá náà lọ dán nẹ́tíwọ̀kì wò, a ó sì fún un lésì kí ó tó náwó.