Ìsọ̀ Wa Lórí Ayélujára: Ohun Tó Yẹ Ká Bèèrè Kí A Tó Sanwó

  

Àwọn ìgbìmọ̀ ní kí àwa oníṣòwò sọ̀rọ̀ díẹ̀ lórí ìkànnì ayélujára tí ẹgbẹ́ fẹ́ ṣe pọ̀ mọ́ gbọ̀ngàn tuntun, irú èyí tí púpọ̀ nínú wa ti ń ṣe fún ọjà ara rẹ̀. Àwọn kan lè máa rò ó pé kí ló kan oníṣòwò Sábọ́n Gàrí nínú ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ oníkọ̀ǹpútà. Lóòótọ́, ìwé mẹ́fà ni ọ̀pọ̀ nínú wa kà. Ṣùgbọ́n àwa la máa sanwó, ẹni tó sì ń sanwó ilé gbọ́dọ̀ mọ ibi tí ilẹ̀kùn wà.

Nǹkan yìí kò tíì pẹ́ láyé. Ní 1989 ni ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Tim Berners-Lee, tó ń ṣiṣẹ́ ní CERN, ilé ìwádìí sáyẹ́ǹsì nítòsí Geneva, gbé ìmọ̀ràn rẹ̀ kalẹ̀. Ìkànnì àkọ́kọ́ dé ní 1991, nígbà tó sì di 1993, CERN yọ̀ǹda rẹ̀ fún gbogbo ayé láìgba kọ́bọ̀. Ní ọdún 1993 kan náà ni ọ̀gbẹ́ni Don Norman, tó wà ní Apple, pe iṣẹ́ tirẹ̀ ní user experience, èyí tí àwa lè pè ní bí nǹkan ṣe rí lára ẹni tó ń lò ó.

Ẹ̀yin ìyá ọjà ti mọ ọ̀rọ̀ yìí kí Norman tó sọ ọ́. Oníbàárà tó bá dé ìsọ̀ tí kò rí ibi tó máa gbà wọlé, tí kò mọ iye ọjà, tí ẹni tó ń tà á sì ń sùn, ìsọ̀ kejì ló ń lọ. Kò ní bá yín jà, kò sì ní sọ ìdí. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni lórí ayélujára, àfi pé ìsọ̀ kejì kò jìnnà ju ìka kan lọ. Google sọ ní 2016 pé nínú ìgbà 100 tí ènìyàn bá fi fóònù bẹ ìkànnì wò, ìgbà 53 ni wọ́n á pa á tì bí ó bá lò ju ìṣẹ́jú-àáyá 3 lọ kó tó ṣí.

Fóònù yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Láti 2010, tí Ethan Marcotte ti kọ̀wé nípa bí ojú ìwé kan ṣe lè máa fẹ̀, kó sì máa sún kì gẹ́gẹ́ bí ojú ẹ̀rọ bá ṣe tó, kò yẹ kí àwáwí wà mọ́. Láti April 2015 sì ni Google ti ń fi ìkànnì tó rọrùn lórí fóònù ṣáájú fún ẹni tó bá ń fi fóònù wá nǹkan. Síbẹ̀, bí àwọn tó ń ṣe é bá fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wa, kọ̀ǹpútà ńlá ni wọ́n á gbé síwájú wa nínú ọ́fíìsì tó tutù. Àwòrán á máa fò, fídíò á máa ṣí fúnra rẹ̀, gbogbo wa á máa ní "háà!" Ẹ má ṣe "háà" o. Ẹ yọ fóònù yín jáde, ẹ fi dátà ara yín ṣí i, kí ẹ jáde sí ẹnu ọjà níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń jó àjórẹ̀yìn. Ìlànà Google ni pé kí ohun tó tóbi jù lójú ìwé hàn láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 2.5. Fídíò ńlá tó wà níwájú kì í sábà jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀, oníbàárà yín ló sì ń sanwó dátà rẹ̀.

Èyí tó dùn wá jù ni ọ̀rọ̀ ta ló ni ín. Nǹkan mẹ́ta là ń sanwó fún. Orúkọ ìkànnì ni pátákó tó wà lẹ́nu ọ̀nà, a sì gbọ́dọ̀ máa tún un san kó má baà bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Èyí tó bá parí sí.ng, NiRA ló ń mójú tó o ní Nàìjíríà. Ibi tí wọ́n gbé ìkànnì sí dà bí owó ìsọ̀ tí à ń san fún onílé. Ẹ̀kẹta ni owó iṣẹ́ àwọn tó kọ́ ọ. Ọ̀kan nínú wa tó ń ta ohun èlò iná mànàmáná gbé tirẹ̀ fún ilé-iṣẹ́ kan. A kò ní dárúkọ wọn, ayẹyẹ là ń ṣe. Orúkọ ara wọn ni wọ́n fi gba pátákó náà. Nígbà tó fẹ́ kúrò lọ́dọ̀ wọn, wọ́n ní kó san owó mìíràn kí àwọn tó yọ̀ǹda orúkọ òun fúnra rẹ̀. Ó ti tẹ̀ ẹ́ sára risíìtì, sára báàgì, sára ọkọ̀. Ó san án.

Àwọn kan yóò ní ṣebí Facebook àti WhatsApp wà. Ìyẹn dára, a kò ní kí ẹnikẹ́ni fi í sílẹ̀, ṣùgbọ́n ilé onílé ni. Ní ọjọ́ 4 oṣù October 2021, Facebook, WhatsApp àti Instagram dákẹ́ fún bíi wákàtí mẹ́fà. Láti June 2021 títí di January 2022, ìjọba àpapọ̀ ti Twitter pa ní Nàìjíríà. Ẹni tí ìsọ̀ rẹ̀ wà níbẹ̀ nìkan, ìta ló wà.

Ẹ tún wo ọ̀rọ̀ èdè wa. Irú lẹ́tà tó rẹwà tí wọ́n máa ń lò, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ni kò ní ẹ, ọ, ṣ pẹ̀lú àmì ohùn, tí kò sì ní ɓ, ɗ àti ƙ ti Hausa. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé lẹ́tà mìíràn á já wọ àárín ọ̀rọ̀, orúkọ ẹgbẹ́ á wá rí bí aṣọ tí wọ́n lẹ̀. Kí wọ́n tẹ orúkọ àwọn olóyè wa wò kí wọ́n tó yan lẹ́tà. Kí wọ́n má sì fi àwọ̀ eérú kọ̀wé sórí funfun. Ìlànà W3C ni pé kí ìyàtọ̀ láàárín ọ̀rọ̀ àti ẹ̀yìn rẹ̀ tó 4.5 sí 1 ó kéré tán. Àwa tí a ti ń lo awò mọ ìdí rẹ̀.

Ẹ̀tàn tún wà níbẹ̀, bí ẹni fi òṣùwọ̀n èké wọn gàrí: ilẹ̀kùn àtiwọlé gbòòrò, ti àtijáde fara sin. Ní September 2025, Amazon gbà láti san bílíọ̀nù 2.5 dọ́là ní Amẹ́ríkà lórí ẹ̀sùn pé wọ́n fi ọgbọ́n mú ènìyàn wọ Prime, wọ́n sì mú kí àtijáde ṣòro. Bí ẹgbẹ́ bá sì ń gba orúkọ àti nọ́ńbà ènìyàn, òfin ààbò dátà Nàìjíríà ti 2023 kàn wá.

Nísinsìnyí, ẹ̀rọ lè ya ìkànnì láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Nítorí náà, bí wọ́n bá ní iṣẹ́ yíyà ló gbówó lórí, kí a dúnàá dúrà. Ohun tó tó owó ni kí wọ́n wá jókòó sí ìsọ̀ wa, kí wọ́n gbọ́ ohun tí oníbàárà ń béèrè, kí wọ́n sì dán an wò. Jakob Nielsen kọ ọ́ ní 2000 pé ènìyàn márùn-ún tó láti rí èyí tó pọ̀ jù nínú àṣìṣe.

Márùn-ún náà la sì ń bẹ ìgbìmọ̀ pé kí wọ́n yàn: ìyá aláta kan, awakọ̀ kan, akẹ́kọ̀ọ́ kan, bàbá kan tó ń lo awò, àti ọ̀rẹ́ wa Hausa kan tí kò gbọ́ Yorùbá. Kí oníkálukú fi fóònù tirẹ̀ wá ọjọ́ ìpàdé àti bí a ṣe ń san owó ẹgbẹ́, kí ẹnikẹ́ni má sì là á yé e. Ibi tí wọ́n bá ti kọsẹ̀, kí àwọn tó ṣe é tún un ṣe. A ti bá Akápò sọ ọ́. Ó ní títí dìgbà náà, ọwọ́ òun ni ìdá kẹta owó wọn máa wà.