Ẹ Sọ Odindi Ọ̀rọ̀: Òṣìṣẹ́ Tó Ní Ọ́tísíìmù Láàárín Wa

Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí. Bó bá dénú rẹ̀, a di odindi. Òwe yìí gan-an ni mo wá bá jà lónìí.

Mo wà ní ọ́fíìsì kan lọ́jọ́ kan tí ọ̀gá ibẹ̀ kọjú sí ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń tẹ kọ̀ǹpútà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó ní, "Ṣé o lè gbé fáìlì yẹn wá?" Ọmọ náà ní, "Bẹ́ẹ̀ ni sà, mo lè gbé e." Kò gbójú sókè, kò dìde, ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Gbogbo ọ́fíìsì pa lọ́lọ́. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, wọ́n ti já ìwé wá-wí-tẹnu-ẹ lé e lọ́wọ́: àfojúdi. Bẹ́ẹ̀ ìbéèrè ni wọ́n bi í, òótọ́ ló sì fi dáhùn.

Ọ́tísíìmù ni ọmọ náà ní. Kì í ṣe àrùn tí ń ranni, kì í ṣe ọwọ́ ayé, kì í sì í ṣe àìlẹ́kọ̀ọ́ ilé. Bí ọpọlọ ẹni tó ní in ṣe ń gba ọ̀rọ̀, ariwo àti ìmọ́lẹ̀ ló yàtọ̀, láti kékeré sì ni. Kò rí bákan náà lára gbogbo àwọn tó ní in. Jẹnẹrétọ̀ tí èmi àti ẹ̀yin ti gbàgbé pé ó ń dún lẹ́yìnkùlé, ó lè máa gún ẹlòmíràn lórí títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Ní 1943, dókítà Leo Kanner ní Baltimore kọ̀wé nípa ọmọ 11 tó ní ọ́tísíìmù. Ẹni àkọ́kọ́ nínú wọn ni Donald Triplett, ọmọ ìlú Forest ní Mississippi. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni nígbà tí àwọn òbí rẹ̀ fi í sí ilé ìtọ́jú, kí wọ́n tó tún lọ mú un padà wálé. Ẹ gbọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ já sí: ó wọ iṣẹ́ báńkì ìlú wọn ní 1958, ó sì lò tó ọdún 65 níbẹ̀. Ọdún 2023 ló kú, lẹ́ni ọdún 89. Ó ń ka sọ̀wédowó, ó ń gbá gọ́ọ̀fù, ó sì ń fún àwọn ojúlùmọ̀ rẹ̀ ní nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan, tí kì í gbàgbé. Àwọn ará ìlú gbà á bó ṣe rí. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ ká tan ara wa: ìdílé ìyá rẹ̀ wà lára àwọn tó ni báńkì náà. Mélòó nínú àwọn ọmọ wa ni ìyá rẹ̀ ní báńkì?

Ẹni tí ìyá rẹ̀ kò ní, ibi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ni wọ́n ti ń dá a padà. Wọ́n á ní kò wojú àwọn. Èyí máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Nílé, àbàrá là ń fún ọmọ tó bá tẹjú mọ́ àgbà. Ní ọ́fíìsì, ẹni tí kò tẹjú mọ́ wa ni kò yẹ fún iṣẹ́! Thorkil Sonne, ará Denmark tí ọmọ tirẹ̀ ní ọ́tísíìmù, gba ọ̀nà mìíràn nígbà tó dá iléeṣẹ́ Specialisterne sílẹ̀ ní 2004. Ó kó Lego síwájú àwọn tó ní ọ́tísíìmù tó ń wáṣẹ́ pé kí wọ́n fi to rọ́bọ́ọ̀tì. Ọwọ́ wọn ló wò, kò wo ojú. Àyẹ̀wò ètò kọ̀ǹpútà ló gbà wọ́n fún, iṣẹ́ tó gba kí èèyàn rí àṣìṣe wẹ́wẹ́ tí ojú ẹlòmíràn ń fò.

Òfin wa náà kò dákẹ́. Èyí tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lù ní oṣù kìn-ín-ní 2019 ní kí wọ́n má fi ipò ara ẹnikẹ́ni yàn án nípọ̀sì, kí ìdá 5 nínú 100 òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ ìjọba sì jẹ́ akanda ẹ̀dá, bó bá ti lè ṣeé ṣe tó. Àmọ́ ìwé òfin kò lè bá ẹnikẹ́ni gbé àga kúrò nídìí jẹnẹrétọ̀.

Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ̀yin lẹ lè gbé e. Ẹ kọ iṣẹ́ sílẹ̀ fún òṣìṣẹ́ tó ní ọ́tísíìmù, ẹ yé fi ojú sọ̀rọ̀. Bí ìpàdé aago mẹ́wàá bá máa di ọ̀sán, ẹ tètè sọ fún un. Bó bá fẹ́ fi nǹkan bo etí ṣiṣẹ́, ẹ jẹ́ kó bò ó. Bí kò bá sì kí yín láàárọ̀, ẹ kọ́kọ́ kí i. Fáìlì tí ẹ fẹ́ ńkọ́? Ẹ ní: "Jọ̀ọ́, dìde, gbé fáìlì yẹn wá fún mi báyìí." Á gbé e wá.